Bí mo ṣe ka ihò inú sẹ́ẹ̀lì fún ìgbà àkọ́kọ́

Tí wọ́n bá bi mí nílé pé kí ni mò ń ṣe ní láàbù gan-an, mo máa ń sọ pé ihò ni mò ń kà, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni ṣá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ PhD mi lórí fáírọ́ọ̀sì àti bí ara ṣe ń bá a jà, iṣẹ́ tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n wò ó bóyá áńtíbọ́dì yellow fever, ìyẹn ọmọ ogun tí ara máa ń ṣe láti bá fáírọ́ọ̀sì ẹ̀ jà, ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ tipẹ́. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ni mo wí o, mi ò sọ pé àwọn tó ní yellow card, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹlòmíì ní káàdì yẹn tí abẹ́rẹ́ ò kàn án lápá rí. Ọdún 10 ni wọ́n máa ń fún káàdì ọ̀hún tẹ́lẹ̀, oṣù Keje ọdún 2016 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ti gbogbo ayé ẹni.

Sẹ́ẹ̀lì lèèyàn máa kọ́kọ́ tọ́jú. Vero lorúkọ ẹ̀, inú kíndìnrín ọ̀bọ ni wọ́n ti mú un ní Japan lọ́dún 1962, ọ̀bọ yẹn ti kú tipẹ́ àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i ní láàbù káàkiri ayé. Oúnjẹ ẹ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó bá ti di yẹ́lò, ebi ń pa á nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, omi náà ti ṣú bí omi ògì, bakitéríà ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀bi mi ni, mo ṣí ìgò sílẹ̀ níbi tí mo ti ń tàkúrọ̀sọ. Màmá tó dàgbà jù nínú àwọn tẹkinọ́lọ́jíìsì wa wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, da bleach sí i kó o dà á nù, kó o sì máa pa ẹnu ẹ dé tó o bá ń ṣiṣẹ́." Ọ̀sẹ̀ méjì wọgbó.

Ìgbà kejì, mo pa ẹnu mi dé. Ó wá kan ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba abẹ́rẹ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dì, omi kan á yọ lójú ẹ̀, omi yẹn la fẹ́, torí inú ẹ̀ ni áńtíbọ́dì máa ń wà. Mo fi sínú ooru dígírì 56 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí àwọn nǹkan míì nínú ẹ̀jẹ̀ tó lè pa fáírọ́ọ̀sì má bàa gba ògo áńtíbọ́dì. Mo wá ń là á, ìlọ́po 10, 20, 40, 80, títí dé 640, mo da fáírọ́ọ̀sì tó kárí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kí wọ́n jọ wà ní dígírì 37 fún wákàtí kan kí n tó dà á lé sẹ́ẹ̀lì. Tí áńtíbọ́dì bá wà níbẹ̀, ó máa dè fáírọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ kó má bàa rí sẹ́ẹ̀lì pa.

Fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún, 17D ni, òun kan náà ló wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún wa, wọ́n sì gún èmi náà kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Baba ńlá ẹ̀ wá láti inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní Ghana tó ń jẹ́ Asibi, lọ́dún 1927. Ara Asibi yá, àmọ́ Adrian Stokes tó wà nínú àwọn tó ń ṣèwádìí ẹ̀, Èkó níbí ni àìsàn yẹn pa á sí lọ́dún yẹn kan náà. Ọdún 1937 ni Max Theiler àtàwọn èèyàn ẹ̀ tó rí fáírọ́ọ̀sì náà sọ di aláìlágbára, Theiler sì gba Nobel lórí ẹ̀ ní 1951. Tí mo bá ń wọ gílófù, Stokes ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ibi tó le jù rèé o. Wọ́n á da agarose gbígbóná bo sẹ́ẹ̀lì, ó máa dì bí ẹ̀kọ, kí fáírọ́ọ̀sì má bàa rí ọ̀nà lúwẹ̀ẹ́ lọ sọ́nà jíjìn, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nìkan ló máa lè ràn, bó ṣe ń pa wọ́n lọ ni ihò máa lu síbẹ̀. Tó bá gbóná jù, sẹ́ẹ̀lì kú. Tó bá tutù jù, ó ti dì sínú ìgò kó o tó dà á. Mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìgò náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá omi ìwẹ̀ ọmọ ti lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ó pé ọjọ́ márùn-ún, mo fi fọ́málíìnì pa gbogbo ẹ̀, mo yọ agarose kúrò, mo da aró elésè àlùkò sí i, mo fi omi ṣàn án. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì wà dúdú bí etù, ibi tí fáírọ́ọ̀sì ti jẹ funfun, rogodo rogodo. Mo gbé e sójú fèrèsé, mo ń fi bírò sàmì sí ìdí àwo kí n má bàa ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí mi ò fi omi ẹ̀jẹ̀ kankan sí, ihò 60 ni mo rí, Màmá kà á, wọ́n ní 58, a jọ tún un kà, 60 ni. Kí wọ́n tó lè sọ pé ẹnì kan yege, pé áńtíbọ́dì ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ihò tiẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 6 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá 60.

Nọ́ńbà 17, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì, dé ìlọ́po 80, ihò méjì péré. Mo pe Màmá kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Ó ku mẹ́tàlélógún ní firísà, lọ fọ ọwọ́ ẹ." Aró yẹn ò kúkú kúrò ní èékánná mi títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí.