Bí A Ṣe Lè Fi Ìtàn Ìbílẹ̀ àti Iṣẹ́ Awalẹ̀pìtàn Yẹ Ibi Àtijọ́ Wò ní Írẹ́lándì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí ibi àtijọ́ kan ní Írẹ́lándì, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ará àdúgbò kí ẹ tó ka ìwé àwọn awalẹ̀pìtàn. Ẹni tí kò lè dé ibẹ̀ lè wá orúkọ àdúgbò náà lórí dúchas.ie, ìkànnì tí wọ́n kó ìtàn ìbílẹ̀ Írẹ́lándì sí, níbi tí ìtàn tí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbà lẹ́nu àwọn àgbà láàárín ọdún 1937 sí 1939 wà, pẹ̀lú ìkọ̀wé ọwọ́ àwọn ọmọ náà gan-an.

Ẹ má ṣe wá ọdún nínú ìtàn. Ohun tó ṣeé dán wò ni kí ẹ wá. Ẹ wo Newgrange ní County Meath, ibojì olókìtì tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú ìbí Kristi. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Michael J. O'Kelly ń walẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1962, ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé oòrùn a máa tàn wọnú ibojì náà lákòókò kan lọ́dún. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀sín, kò sì gbé e mì lódindi. Ó ṣàkíyèsí pé agbedeméjì gúúsù àti ìlà-oòrùn ni ẹnu ọ̀nà kọjú sí, ó sì rò ó pé ìgbà tí ọ̀sán bá kúrú jù lọ nìkan ni oòrùn lè yọ lápá ibẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1967, òun nìkan jókòó sínú òkùnkùn ibojì náà títí ìtànṣán tín-ín-rín fi gba ihò tó wà lókè ẹnu ọ̀nà wọlé, tó sì rá dé iyàrá inú lọ́hùn-ún. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 ni ìmọ́lẹ̀ náà ń lò kó tó pòórá.

Ẹ béèrè ọ̀dọ̀ ta ni ìtàn ti wá pẹ̀lú. Ní Tara, òkè tó jẹ́ ojúkò àwọn ọba Írẹ́lándì àtijọ́, láàárín ọdún 1899 sí 1902, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ British-Israelite, tí wọ́n gbà pé ìran Ísírẹ́lì ni àwọn ará Bìrìtìkó, gbẹ́ ilẹ̀ wúruwùru nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé Àpótí Májẹ̀mú wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe. Ìgbàgbọ́ yẹn kì í ṣe ti àwọn ará Tara.

Ti àwọn odi roboto tí wọ́n ń pè ní ilé iwin yàtọ̀. Ilé àgbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 500 sí 1000 ni ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù iwin ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ohun ìtúlẹ̀ kàn wọ́n, èyí tó ṣe awalẹ̀pìtàn lóore tí òfin nìkan ì bá má lè ṣe.

Láìsí ìwé àṣẹ ìjọba, ẹ má ṣe gbẹ́ ilẹ̀, ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ẹ sì ti géètì bí ẹ bá ń jáde, kí màlúù wọn má baà sá lọ.