Kí ẹ tó gbé Hilux àtijọ́ sókè, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀

Bí ẹni tó ní Hilux àtijọ́ bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́níyà, ohun kan náà ló sábà máa ń sọ: "Ọ̀gá, ẹ bá mi gbé e sókè." Èmi náà á bi í pé kí ló ń kó, ọ̀nà wo ló ń rìn, ibo gan-an lábẹ́ ọkọ̀ ló ń gbo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ wọn sókè. Sípíríǹgì wọn ló ti rẹ̀, táyà wọn ni kò bá iṣẹ́ mu. Hilux tó jáde ní nǹkan bí 1998 sí 2005 ni mo ní lọ́kàn jù, nítorí òun ni mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń kó iṣu àti gàrí láti Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí wá sí Ìbàdàn.

Ẹ tẹ̀ ba wo abẹ́ ọkọ̀ yín lẹ́yìn. Dífù, orí rìbìtì tó wà láàárín ààsù (irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) yẹn, ni òkúta ojú ọ̀nà máa ń kọ́kọ́ pàdé. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sókè pẹ̀lú sípíríǹgì, ṣáísíìsì àti bọ́dì ló gòkè. Dífù kò kúrò níbi tó wà, nítorí orí ẹsẹ̀ ni ààsù jókòó lé. Táyà tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè gbé dífù kúrò nílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí oníbàárà ra táyà kó tó yọ owó kankan fún sípíríǹgì.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà ara táyà kò le. Ká ní 225/70R15 ni wọ́n kọ sí i: 225 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rímù rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 15. Ẹ ṣírò ẹ̀gbẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi rímù kún un, gbogbo gíga táyà á jẹ́ 696 mìlímítà. Bí ẹ bá kúrò lórí ìyẹn bọ́ sórí 235/75R15, á di nǹkan bí 734. Táyà fi mìlímítà 38 ga sí i, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré, bí i sẹ̀ǹtímítà méjì, ni dífù á fi gòkè, torí pé ìdajì yòókù wà lókè ààsù. Ẹ tún rántí pé sípídómítà á máa parọ́ fún yín: nígbà tó bá ń fi 100 hàn, ọkọ̀ ti ń sá tó 105. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kọjá ìyẹn lórí Hilux tí wọn ò gbé sókè, kó yí ìdarí dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì kó tó sanwó, kó wo bóyá táyà ń fara gbo bọ́dì.

Gíga nìkan kọ́ o. Ẹrù ni mo máa ń bá àwọn èèyàn jà lé lórí. Táyà méjì lè jọ jẹ́ 225/70R15, kí wọ́n kọ 100T sí ara ọ̀kan, kí wọ́n kọ C àti 112/110R sí ara èkejì. Èyí tó ní 100 kò gbà ju 800 kílò lọ. Èyí tó ní 112 gba 1,120 kílò, òun ni wọ́n ṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù. Táyà ọkọ̀ jẹ́lẹ́ńkẹ́ ni àkọ́kọ́, owó rẹ̀ sì lè dín díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń rà á. Ìyá oníṣu kan tó jẹ́ oníbàárà wa máa ń sọ pé kí ni lẹ́tà C kan ṣoṣo fẹ́ ṣe. Mo ní, "Màmá, lẹ́tà yẹn ló ń gbé iṣu yín."

Ọjọ́ orí táyà ńkọ́? Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà, fún táyà, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Ní ti tòkúnbọ̀, òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà á wọlé fún irú ọkọ̀ tiwa yìí, síbẹ̀ ó kún títí. Bí kò bá sí owó fún tuntun tí ẹ sì ti pinnu láti ra á, ẹ jẹ́ kí fọ́kanáísà tú u kúrò lórí rímù kí ẹ fi ọwọ́ ra inú rẹ̀ fún ibi tí wọ́n lẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ihò ojú rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú, torí àwọn kan ń fi abẹ gbígbóná fín ojú táyà tó ti jẹ tán kó lè dà bíi tuntun.

Ojú táyà wá kù. AT, táyà oríṣiríṣi ilẹ̀, ni mo máa ń mú fún ẹni tó ń rin ọ̀dà àti ilẹ̀ pupa. MT, táyà ẹrẹ̀ onípàǹpá ńláńlá yẹn, dára nínú ẹrẹ̀ oko, àmọ́ ariwo rẹ̀ pọ̀ lórí ọ̀dà, kì í sì í di ilẹ̀ mú tó bó ṣe yẹ bí òjò bá rọ̀ sí ọ̀dà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ torí táyà tín-ín-rín. 205R16 tí ọ̀pọ̀ Hilux onífóòbáìfóò bá dé máa ń gé ẹrẹ̀ kọjá kó lè kan ilẹ̀ líle nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti sípíà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Bí wọn ò bá bára mu lórí onífóòbáìfóò, gíà ló ń jìyà rẹ̀.

Ó di orí gbígbé sókè. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láì sí ẹrù, ẹ fi téèpù wọ̀n láti àárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dé etí bọ́dì lókè rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹrù bá wà níbẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì, tàbí tí ewé sípíríǹgì ẹ̀yìn ti tẹ́ pẹrẹsẹ láì tíì kó nǹkan kan, ẹ pààrọ̀ sípíríǹgì àti búṣì rẹ̀. Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bá gíga tí wọ́n ń wá pàdé nìyẹn.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ínṣì méjì ni kí ẹ dúró sí. Fún ẹ̀yìn, sípíríǹgì tuntun tó tẹ̀ dáadáa ló wù mí jù. Fífi ewé kan kún èyí tó wà nílẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọkọ̀ á le gan-an bí kò bá ní ẹrù. Irin tí wọ́n ń fi sáàárín ààsù àti sípíríǹgì, ẹ má ṣe tò ó léra, ẹ má sì fi wẹ́dà jó nǹkan kan mọ́ ibẹ̀. Níwájú, púpọ̀ nínú onífóòbáìfóò ìgbà yẹn ní ọ̀pá gígùn méjì tí a ń pè ní tọ́ṣọ̀n báà, bóòtì kan ló wà tí a fi ń yí i. Ó rọrùn, kò ná ẹ lówó, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n máa ṣi í lò. Bí ẹ bá yí i kọjá ínṣì kan àti ààbọ̀, ṣáfùtì ẹsẹ̀ á dagun jù, rọ́bà tó bò ó á ya, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì á tètè jẹ.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì kì í wò. Fáàfù bíréèkì kékeré kan wà lẹ́yìn tí ọ̀pá tín-ín-rín so mọ́ ààsù. Bí ẹrù ṣe ń tẹ ẹ̀yìn sílẹ̀ ló ń fún bíréèkì ẹ̀yìn lágbára sí i. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè láì ṣàtúnṣe ọ̀pá yẹn, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo, bíréèkì ẹ̀yìn kò sì ní ṣiṣẹ́ tó nígbà tí ẹ bá kó àpò gàrí sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé kó tún un tò. Kó wo hóòsì bíréèkì, rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì lọ sẹ́yìn, pẹ̀lú, kí ó má ṣe nà gbọnrangandan nígbà tí ẹsẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ pátápátá lórí jáàkì.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ lọ ṣe aláìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sì rẹ iná iwájú sílẹ̀ kó má baà máa wọ ojú àwọn tó ń bọ̀. U-bolt, bóòtì tó tẹ̀ bíi U tó di sípíríǹgì mọ́ ààsù, tí wọ́n bá ti tú, tuntun ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí 500 kìlómítà, ẹ padà lọ kí wọ́n tún un fún, òun àti nọ́ọ̀tì gbogbo ẹsẹ̀.