Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Yín Níbi Gbàǹjo Fantasy Baseball

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹta bá ti ń lọ sópin, tí baseball fẹ́ bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà, mo máa ń jókòó síbi gbàǹjo, tí màá sì máa wo bí àwọn ẹni tuntun ṣe ń fọ́n owó wọn dànù. Ó máa ń dùn mí. Mo gbà pé ẹ ti mọ eré náà: à ń figagbága ra agbábọ́ọ̀lù gidi sínú ẹgbẹ́ tiwa, ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá ló sì ń di máàkì wa. Ẹgbẹ́ 12 ni, $260 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àyè 23 láti dí, ìwọ̀n márùn-ún tí a fi ń ka máàkì fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, márùn-ún fún àwọn tó ń jù ú, ìyẹn pitcher. Ibi tí ẹ ti ń ṣìnà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

1. Ẹ má ra ọdún tó kọjá. Ní 2023, Ronald Acuña Jr. gbá home run 41 (bọ́ọ̀lù tó gbá kọjá ògiri pápá), ó sì jí base 73 (ó sáré gba ibùdó tó kàn láìjẹ́ pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù). Àwọn tí mo bá jókòó ní 2024 san owó rẹ̀ bíi pé ọdún yẹn náà ló tún ń bọ̀. Orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ lóṣù karùn-ún, ìdíje 49 péré ló sì gbá. Kò sẹ́ni tó lè rí ìfarapa tẹ́lẹ̀, n ò bá wọn wí lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn ò tilẹ̀ yọ dọ́là kan kúrò nítorí ewu.

2. Ẹ má san owó àtijọ́ fún base jíjí. Ní 2023, wọ́n sọ base di ńlá, láti íńṣì 15 sí 18, wọ́n sì dín iye ìgbà tí pitcher lè yí padà sí asáré tó fẹ́ jí base kù. Base tí wọ́n jí fò láti 2,486 ní 2022 sí 3,503. Base 30 tó ń gbé èèyàn lékè tẹ́lẹ̀ kò gbé e débẹ̀ mọ́.

3. Ẹ má kó ìdajì owó yín lé pitcher lórí. Apá wọn kì í tọ́jọ́.

4. Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ rè é, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ má sọ ìwé iye owó tó yẹ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tí ẹ tẹ̀ wá sílé gbàǹjo di òfin. Kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀ nìkan ni iye tó wà níbẹ̀ fi jóòótọ́. Gbogbo owó inú yàrá jẹ́ $3,120, èèyàn 276 la ó sì fi rà. Owó yẹn ò lè lé, kò lè dín. Ibi tó ń gbà lọ ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ká ní ìwé yín sọ pé àwọn tó ti lọ tó $1,900, àmọ́ $1,780 ni wọ́n rà wọ́n. Àwọn tó kù tó $1,220 lórí ìwé, ṣùgbọ́n $1,340 ló ṣì wà lápò àwọn èèyàn. Ẹni tí ìwé pè ní $20 ti di $22 nìyẹn. Ẹni tó bá wá ní òun ò ní kọjá $20, kí ló fẹ́ rà?

Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó tì mí lọ́dún kan, bírò pupa lọ́wọ́ rẹ̀. Tí owó bá ti fi dọ́là kan ṣoṣo kọjá ohun tó kọ, á mirí, á fa ilà pupa gba orí orúkọ náà, á ní, "Ó ti wọ́n jù." Third baseman (ẹni tó ń ṣọ́ base kẹta) tó wù ú gan-an lọ ní $21, $20 ló kọ. Outfielder (aṣọ́ ẹ̀yìn pápá) méjì tún lọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀. Nígbà tó ku èèyàn mẹ́ta tó máa rà, òun ló lówó jù nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ kéèyàn náwó lé mọ́. Ó ra àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní dọ́là kọ̀ọ̀kan, $34 ṣẹ́ kù. Nínú ìdíje tiwa, $34 yẹn ò ní iṣẹ́ kankan tó lè ṣe mọ́ bí gbàǹjo bá ti parí. Ó dùn mí gan-an torí ọmọ náà mọ eré yìí. Òun ló kàwé jù nínú gbogbo wa.

Lẹ́yìn èèyàn 20-20 tí wọ́n bá rà, ẹ dúró, ẹ ro owó tó kù pọ̀, ẹ fi wé iye àwọn tó kù. Ìṣẹ́jú kan ò gbà á.

Ẹ tún mọ òpin agbára yín. Tó bá ku $20 fún àyè mẹ́fà, $15 ni ẹ lè pè mọ, torí dọ́là kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kù fún àyè márùn-ún yòókù. Ẹ máa ro ti ẹni tó ń bá yín du èèyàn náà.

Tó bá kan yín níbẹ̀rẹ̀ láti pe orúkọ ẹni tí wọ́n máa tà, ẹ pe ẹni tẹ́ ò nílò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlòmíì náwó sí i.

Ẹ má sì fi ẹ̀dínwó nìkan wọn ẹgbẹ́ yín bí gbàǹjo bá parí. Ẹ ṣírò home run, base jíjí, save (ìgbà tí pitcher tó kẹ́yìn kò jẹ́ kí ìṣẹ́gun bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀), kí ẹ wo ibi tí ihò wà. Lọ́dún kan, iye tí mo fi ra gbogbo àwọn tèmi kéré sí ti ìwé, inú mi sì dùn wọlé. Agbá-home-run ni gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ń sáré. Èmi ni mo gbẹ̀yìn nínú base jíjí, máàkì kan péré nínú 12. Lóṣù kẹfà, mo fi pitcher mi tó dáa jù pààrọ̀ ẹyọ asáré kan, ẹni tó lọ ní $9 lójú mi lóṣù kẹta tí n ò pe nǹkan kan.