Bó o ṣe lè mọ mẹ́mórì tí prógíráàmù ń lò ní tòótọ́ lórí Linux

Pé prógíráàmù gba 2 GB ò sọ pé gbogbo ẹ̀ ló ń lò o. Linux pín mẹ́mórì sí pèéjì, 4 KB ló sábà máa ń jẹ́, tí prógíráàmù bá ti fọwọ́ kan pèéjì kan báyìí, CPU fúnra ẹ̀ á sàmì sí i, tí kernel, ìyẹn apá Linux tó ń bójú tó mẹ́mórì, bá wá ń wá àyè, àmì yẹn ló máa wò, tó bá bá a níbẹ̀ á pa á rẹ́, á ṣì fi pèéjì yẹn sílẹ̀ ná, èyí tí ò ní àmì ló máa kó dànù tàbí kó gbé e lọ sí swap, ìyẹn àyè lórí dísìkì tó ń fi ṣe àfikún mẹ́mórì.

Tó o bá fẹ́ fojú ara ẹ rí i, wá PID prógíráàmù náà, ìyẹn nọ́ńbà tí Linux fi ń dá a mọ̀, ká ní 1234 ni, di root (ẹni tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ náà), kó o tẹ:

echo 1 > /proc/1234/clear_refs

Ìyẹn á nu gbogbo àmì ẹ̀ kúrò. Dúró bí ìṣẹ́jú kan, kó o wá tẹ:

grep -E 'Rss|Referenced' /proc/1234/smaps_rollup

Referenced ni èyí tó fọwọ́ kàn láti ìgbà tó o ti nù ún. Fi wé Rss, ìyẹn gbogbo mẹ́mórì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú RAM, ẹnu lè yà ẹ́ gan-an. Àmọ́ má máa ṣe é léraléra lórí sáfà táwọn èèyàn ń lò o, àmì tó ò ń nù yẹn náà ni kernel gbójú lé, o lè ṣì í lọ́nà.