Bí A Ṣe Ń Fa Ọ̀rọ̀ Ọlọ́rọ̀ Yọ Nínú Èsì

Bí ẹ bá ń fèsì sí iṣẹ́ tí ẹnìkan kọ ránṣẹ́, gbólóhùn tí ẹ fẹ́ dáhùn nìkan ni kí ẹ fà yọ, kí ẹ fi í sáàárín àmì àyọlò, kí ẹ sọ ẹni tó ni ín, kí èsì tiyín sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe gé e débi tí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà. Bí ará Òṣogbo kan bá kọ̀wé pé, “N kò lòdì sí kí àlejò wọ Igbó Ọ̀ṣun, àmọ́ kí wọ́n má ṣe da ike sínú odò,” ẹni tó bá fi ìdajì àkọ́kọ́ nìkan hàn ti purọ́ mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Bí ó bá ṣàṣìṣe, tó ní ọdún 2015 ni UNESCO fi igbó náà sára ohun àjogúnbá àgbáyé, ẹ dà á kọ bó ṣe wà, kí ẹ wá sọ nínú èsì yín pé 2005 ni. Àṣìṣe àkọtọ́ kò tó ohun tí à ń fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, pàápàá àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, kódà bí ó bá jẹ́ ìyìn lásán.