Ọjọ́ọ̀bí Ọmọ Nínú Kọmpáùn: Ẹ Má Tètè Di Ìrẹsì Yẹn

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí ni pé láàárín oṣù méjì, a ti gbọ́ ti pátí ọmọdé mẹ́ta ládùúgbò wa tó jẹ́ pé ilẹ̀ ò tíì ṣú táwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Mo wà níbi ọ̀kan. Ìyá ọmọ yẹn náwó, oúnjẹ ẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti di ìrẹsì gbígbóná sínú ike tékáwèé, ó dé e pa, ó tò ó sínú páálí, ó gbé páálí sábẹ́ kánópì, aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n tó gé kéèkì. Nígbà tí mo ṣí tèmi, omi ti ṣẹ́ sára ìdérí, ìrẹsì ọ̀hún ń yọ̀, ó sì ti ń rùn díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ò mọ ìyẹn, ebi ń pa á, ó ti jẹ ẹ́ tán.

Bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì kọ́ ni mo bá wá, ẹ mọ̀ ọ́n sè jù mí lọ. Aago ni mo bá wá.

Ọmọ 25 ni mo máa fi ṣírò. Dẹ̀ríkà ìrẹsì 2 tó wọn, ẹ má dá ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ se 4 lóhùn, ilẹ̀ nìyókù máa ń bọ́ sí. Ẹyin kíréètì 1, ìyẹn 30, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ odidi kan, ẹ ò ní ra adìyẹ mọ́. Fúláwà kílò 1 fún pọfupọ́ọ̀fù. Píọ̀ wọ́tà báàgì 2. Kéèkì kékeré kan tí ọmọ á lè fẹ́ àbẹ́là lórí ẹ̀, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ọjọ́ọ̀bí ọmọ ọdún mẹ́rin yáwó alájẹṣẹ́kù, ọmọ yẹn ò ní rántí kánópì, owó iléèwé ẹ̀ sì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Tó bá jẹ́ aago 3 làwọn ọmọ máa jẹun, aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 15 ni kí ìkòkò gun iná, kó sọ̀ ní nǹkan bí aago 2 ààbọ̀. Bó ṣe ń sọ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa bù ú sínú kúlà tẹ́ ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn, ẹ dé e, ẹ má ṣí i títí àwọn ọmọ á fi jókòó, tẹ́ ẹ bá sì ṣí i kó ṣì máa rú èéfín. Orí abọ́ ni kẹ́ ẹ bù ú sí, lójú wọn. Oúnjẹ tó bá ti wà ní gbangba wákàtí 2, ẹ dà á nù, tí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí 1 péré. Àwọn kan á ní “a máa tún un gbé kaná.” Mo ti gbọ́ ìyẹn títí ó ti sú mi. Májèlé tí kòkòrò àìrí bá ti pò sínú ìrẹsì, iná ò pa á. Sàláàdì oní-máyònéèsì ńkọ́? Tí ò bá sí kúlà oní-yìnyín, ẹ má ṣe é rárá.

Ti ọ̀ṣọ́ ò le. A mú “Ọmọ Àgbẹ̀” gẹ́gẹ́ bí àkòrí pátí nítorí pé ọ̀pọ̀ nǹkan ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ 4 sẹ́nu ọ̀nà, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí tábìlì, ẹ gé páálí Indomie bí ewúrẹ́ àti adìyẹ, káwọn ọmọ fúnra wọn kùn ún. Ẹ tọrọ ègékù ańkárá lọ́wọ́ télọ̀ yín, ẹ gé e ní onígun mẹ́ta 40, tẹ́ ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 25 síra, okùn mítà 10 ló máa gbà. Abẹ́ igi máńgòrò sàn ju kánópì tí wọ́n ń háyà lọ. Bàlúùn tó bá ti bẹ́, ẹ tètè ṣa á, ọmọ kékeré máa ń ki àjákù ẹ̀ bọ ẹnu, ó sì lè há a lọ́fun. Ní ti eré, ẹkùn mẹ́ran, bojúbojú àti tẹ̀ǹtẹ̀ǹ, kò sówó níbẹ̀.

Dípò kẹ́ ẹ di ìrẹsì fún wọn lọ sílé, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbin àgbàdo tó máa gbé lọ. Ẹ gé ike omi sí méjì, ẹ má lo agolo, etí ẹ̀ máa ń gé ọwọ́, ẹ dá ihò 3 sí ìdí ẹ̀, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, kí ọmọ ti kóró 2 wọlẹ̀ ní ìwọ̀n oríkèé ìka kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń yọrí, á sì máa pe gbogbo ará ilé wá wò ó. Àgbàdo tẹ́ ẹ rà fún ògì ni kẹ́ ẹ lò o! Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àgbẹ̀ tí wọ́n fi nǹkan pupa bí osùn pa lára, oògùn ló wà lára ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ ọmọ.

Kẹ́ ẹ sì ní ORS nílé kí pátí tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pò mọ́ omi kí omi má bàa tán lára ọmọ. Tí ọmọ bá ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, ẹ po sáṣẹ́ẹ̀tì kan mọ́ iye omi tí wọ́n kọ sára ẹ̀ gan-an, ẹ má dín in, ẹ má fi kún un, kẹ́ ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí. Tí kò bá lè mu ún, tójú ẹ̀ jìn, tàbí tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ alẹ́, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́.