Bí a ṣe ń múra iṣẹ́ idẹ àti fàdákà sílẹ̀ fún àfihàn òkè òkun láti Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó

Iṣẹ́ tó rẹwà lè má kọjá ojú ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọnà ara rẹ̀ ló fà á. Àwòrán tí kò fi iṣẹ́ hàn ni, tàbí ẹ̀yìn iṣẹ́ tí a kò parí, tàbí idẹ tí òfin ìlú tó ń lọ kò gbà. Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́, Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀ lè bójú tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìní ẹ̀rọ olówó ńlá, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú gbèdéke.

Ìpè wo ló yẹ kí ẹ dáhùn?

Schmuck ní Munich, tó ń wáyé nínú ọjà iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ti Jámánì, ti wà láti 1959. Ohun ọ̀ṣọ́ òde òní ni wọ́n ń pàtẹ níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn Herbert Hofmann dá àwọn tó bá ta yọ lọ́lá. Loewe Foundation Craft Prize gba oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́, ti irin àti ohun ọ̀ṣọ́ náà wà níbẹ̀. A kì í sanwó wọlé, €50,000 sì ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́. JOYA ní Barcelona àti SIERAAD ní Amsterdam yàtọ̀ ní tiwọn: ọjà ni wọ́n, ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ ló ń sanwó àyè. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìpè ọ̀fẹ́ bíi méjì kí ẹ tó ná owó sórí tábìlì. Klimt02, ìkànnì ohun ọ̀ṣọ́ ti Barcelona, àti SNAG, ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ti Àríwá Amẹ́ríkà, máa ń kéde irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Irin tí ẹ máa lò

Ibí ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ omi àtijọ́, àgádágodo àti ohun èlò páìpù ló pọ̀ jù nínú idẹ tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó pàǹtí irin. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì sábà máa ń tó 2% sí 3%, torí òjé ló ń jẹ́ kí idẹ rọrùn láti gé lórí ẹ̀rọ. Òfin Yúróòpù kò gbà kí òjé ju 0.05% lọ nínú ẹ̀yà kankan lára ohun ọ̀ṣọ́. Bó ti wù kí ẹ̀gbà ọwọ́ tí ẹ fi irú idẹ bẹ́ẹ̀ dà dán tó, kò yẹ kó lọ.

Ẹ ra páànù idẹ tuntun lọ́wọ́ ẹni tó lè fún yín ní ìwé ohun tó wà nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ lo bàbà inú wáyà iná tó nípọn, torí bàbà yẹn mọ́ gan-an. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi bó ike ara wáyà náà. Ẹ má sun ún, èéfín rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Fàdákà 925 jẹ́ 92.5% fàdákà, bàbà ló sì sábà máa ń jẹ́ ìyókù. Ohun tí wọ́n ń pè ní German silver kò ní fàdákà kankan nínú; bàbà, síǹkì àti níkẹ́ẹ̀lì tó máa ń yún ara àwọn kan ni, nítorí náà ẹ má fi ṣe ọ̀pá yẹtí tó máa wọnú ihò etí. Ẹ bi ẹni tó ń ta sọ́dà fàdákà (irin tí à ń yọ́ láti fi so irin pọ̀) fún yín bóyá kádímíọ́mù, irin olóró, wà nínú rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Eyín erin ńkọ́? Iṣẹ́ eyín erin Ọ̀wọ̀ lókìkí káyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, de òwò rẹ̀. Ẹ má fi bíńtín rẹ̀ sínú iṣẹ́ tó ń rìnrìn àjò.

Ìsopọ̀ àti ẹ̀yìn iṣẹ́

Sọ́dà kì í dí àlàfo. Etí méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹnu kora débi pé ìmọ́lẹ̀ kò ní kọjá láàárín wọn bí ẹ bá gbé e sókè síbi tó mọ́lẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi bọ́ráàsì pa á, kí ẹ sì mú gbogbo ara iṣẹ́ náà gbóná kí iná tó dojú kọ ojú ìsopọ̀. Ibi tó bá gbóná jù ni sọ́dà máa ń ṣàn lọ. Bó bá di róbótó tí kò ṣàn, ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀ tàbí kí iná má tó. Bó bá dá ihò wínníwínní, iná ti pọ̀ jù, síǹkì inú rẹ̀ ti hó jáde. Nígbà tí ẹ bá kì í bọ omi sítíríìkì ásíìdì gbígbóná láti bó dúdú ara rẹ̀, ẹ má fi ẹ̀mú irin yọ ọ́. Irin ló ń mú kí bàbà inú omi náà lẹ̀ mọ́ fàdákà, tí gbogbo rẹ̀ á sì pọ́n. Ẹ̀mú igi tàbí ti bàbà ló yẹ.

Sáńpépà 240 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 400, 600, 800, 1200. Nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ yí ọwọ́ padà kó lè dábùú ìlà ti ìṣáájú, títí gbogbo ìlà ti ìṣáájú á fi pòórá. Ẹni tó bá fo 400 á rí ìlà 240 nígbà tó bá ń dán an, á sì di dandan kó padà sẹ́yìn.

Bùrọ́ọ̀ṣì (brooch), ohun ọ̀ṣọ́ tí à ń fi abẹ́rẹ́ há mọ́ aṣọ, ló máa ń tú àṣírí alágbẹ̀dẹ. Ẹ yí i padà: abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè àárín, nítorí bó bá wà láàárín gan-an tàbí nísàlẹ̀, iṣẹ́ náà á doríkodò lára aṣọ. Wáyà irin líle tí kì í dípẹtà, 0.8 mm, dára fún un. Ẹ pọ́n ẹnu rẹ̀ kó mú, kí ẹ sì dán an kó má baà fa fọ́nrán aṣọ yọ. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹnu ìkọ́ tó gbà á máa ṣí sí. Ẹ fi há ara gèlè àti ara aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ wọ̀ ọ́ rìn fún wákàtí kan. Ní ti yẹtí, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju 10 g lọ.

Àwòrán

Àwòrán nìkan ni ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ máa rí, nítorí náà ẹ fún un ní odindi ọjọ́ kan. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ lábẹ́ fàráńdà dára ju iná inú ilé lọ, ẹ ò sì ní máa retí NEPA. Ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sí ìhà tí oòrùn ti ń wọlé. Ẹ tẹ́ páálí eérú, kí ẹ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ kó má ní igun.

Irin dídán ń fi ohun gbogbo tó wà níwájú rẹ̀ hàn: fóònù yín, aṣọ pupa tí ẹ wọ̀, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ dá ihò kékeré sí àárín páálí funfun, kí ẹ sì ti inú ihò náà ya àwòrán. Gbogbo òjìji wọ̀nyẹn á lọ. Ẹ gbé fóònù lé nǹkan, ẹ fi í sí ìṣẹ́jú àáyá méjì kó fúnra rẹ̀ yà á. Ẹ má fà á súnmọ́ lójú fóònù, àwòrán á bàjẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú, torí ìtẹ̀ka máa ń hàn ketekete.

Mẹ́ta ló tó: iwájú, ẹ̀yìn, àti iṣẹ́ náà lára ènìyàn. Bí wọ́n bá béèrè 10 × 15 cm ní 300 dpi, 1181 × 1772 píkísẹ́lì ni. Bó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fún un kù.

Ọ̀rọ̀ àti àkókò

Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́, ọdún, irin tí ẹ lò, ìwọ̀n ní mm àti ní gíráàmù. Nínú àlàyé yín, ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe: ibi tí ẹ lù, ibi tí ẹ dà, ìdí tó fi tẹ̀ síbi tó tẹ̀ sí. «Àṣà ilẹ̀ Áfíríkà» lásán kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ka ọgọ́rùn-ún ìwé lóòjọ́.

Aago Jámánì àti tiwa bára mu nígbà òtútù wọn, ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, tiwọn fi wákàtí kan ṣíwájú. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú gbèdéke. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn.

Bí wọ́n bá yan yín

Ẹ kọ sínú ìwé iye owó pé iṣẹ́ àfihàn ni, pé yóò padà. Nọ́ńbà kọ́sítọ́ọ̀mù fún ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà tàbí wúrà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7113. Ti idẹ àti bàbà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7117. Iṣẹ́ idẹ tó bá jọ ohun àtijọ́ lè mú kí wọ́n dá ẹrù yín dúró, nítorí náà ẹ tètè gba ìwé láti ọ̀dọ̀ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Abẹ́ wọn ni Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀ wà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè níbẹ̀.

Ẹ nu iṣẹ́ gbẹ, ẹ fi sínú ọ̀rá tó ní ìdè pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi. Ẹ má fi rọ́bà dè é, imí ọjọ́ inú rọ́bà ń sọ fàdákà di dúdú. Ẹ gé ihò sínú fóòmù ní ìrísí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà sí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lẹ àwòrán bí gbogbo rẹ̀ ṣe tò mọ́ inú ìdérí àpótí, kí ẹni tó máa kó o padà ní Munich lè tò ó bí ẹ ṣe tò ó.